Odi Ti Wó, Ìta Ṣì Wà

Ní ọdún 1858, Balógun Ìbíkúnlé mọ odi yí Ìbàdàn ká. Odi náà ní bodè ńlá mẹ́rin: ọ̀kan kọjú sí Abẹ́òkúta, ọ̀kan sí Ìjẹ̀bú, ọ̀kan sí Ìwó, ọ̀kan sí Ọ̀yọ́. Oníbodè jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń gba owó lọ́wọ́ èrò tó ń wọlé àti lọ́wọ́ èrò tó ń jáde, àwọn ìjòyè ogun ló sì ń jẹ èrè rẹ̀. Ẹni tó wà nínú odi fọkàn balẹ̀ sùn. Ẹni tí ogun bá ká mọ́ ẹ̀yìn odi, kó yáa sá wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó di ẹrú. Bí ayé ṣe rí nìyẹn títí òyìnbó fi mú ìwé àdéhùn dé ní ọdún 1893, tí odi kò sì níṣẹ́ tó ń ṣe mọ́.

Lónìí, bí ẹ bá ń wá odi Ìbíkúnlé, orúkọ lẹ máa kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí amọ̀. Bódè wà lọ́nà Mọlété, níbi tí wọ́n ti ń ta ewé, egbò àti èèpo igi. Géètì wà ní Agodi, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń pariwo Ìwó Road láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n ká má ṣe rò pé odi ti tán nílẹ̀ wa. Olúkúlùkù ló ń mọ tirẹ̀ báyìí: fẹ́ǹsì tó ga ju onílé lọ, wáyà lórí rẹ̀, mégáàdì lẹ́nu géètì. Ẹ́stéètì kọ̀ọ̀kan lápá Akóbọ́ àti Olúyọ̀lé ní oníbodè tirẹ̀, tó ń bi àlejò pé ta ló ń wá. Odi àtijọ́ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì kó gbogbo ìlú sínú. Odi tòde òní pọ̀ bí ilé ṣe pọ̀, ìlú sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn.

Àwa tí wọ́n bí sí agboolé ní Ìsàlẹ̀ Òsì, Òkè Àrẹ̀mọ, Bẹẹrẹ àti Fọ́kọ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Ìbíkúnlé kò bá odi. Ohun tí odi náà dáàbò bò la bá: ojúde, gbàgede, ọjà, etí odò. Ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnì kan ni, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè léni kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọ̀nyí ló jẹ wá lógún. Ó pẹ́ tí ìjọba kan ń lọ tí òmíràn ń bọ̀, tí gbogbo wọn ń sọ pé àwọn máa tún àárín ìlú ṣe. Ó yẹ ká jọ mọ ohun tó bàjẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọ̀dà wá.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọwọ̀ ti ń dún lójúde. Àwọn ìyàwó ilé àti àwa ọmọ la pín in láàárín ara wa: ẹni tó gbá ìhà ọ̀tún lánàá á gbá ìhà òsì lónìí. A á kọ́kọ́ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà sọ, a á wá tẹ̀ ba títí ipa ọwọ̀ á fi hàn ketekete lórí ilẹ̀ pupa, pàǹtí á sì gba ààtàn lọ. Lọ́sàn-án, wọ́n á sá èlùbọ́ síbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, àwọn bàbá á gbé ọpọ́n ayò jáde. Bí òṣùpá bá lé, àlọ́ ló kàn. Ibẹ̀ la ti ń gba ìyàwó wọlé, ibẹ̀ la ti ń tú òkú àgbà ká. Wolé-wolé náà á sì dédé yọ nínú káákí rẹ̀, á ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Ilé tó bá dọ̀tí, kóòtù ló ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú. Ìfẹ́ nìkan kọ́ ló mú ojúde yẹn mọ́, àṣẹ ni. Ìyàwó tí kò gbálẹ̀ á gbọ́ ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọmọ tí kò gbálẹ̀ á jẹ pàṣán. Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹrú àti ìwọ̀fà ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láyé tiwa, obìnrin àti ọmọdé ló jogún rẹ̀. Agbépòó tó ń gbé ìgbẹ́ wa kọjá lóru, ojú òṣì la fi ń wò ó, bẹ́ẹ̀ òun ni kò jẹ́ kí àìsàn pa wá tán. À ń yin ilẹ̀ tó mọ́, a kì í dárúkọ ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn nítorí rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ojúde kan náà lónìí, ẹ máa rí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta níwájú rẹ̀ àti ibojì bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni tó ń ṣe POS ti gbé kọ́ńtẹ́nà rẹ̀ sáàárín, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kadà àti mọ́tò tí kò rìn mọ́ ló gba ibi tó kù. Ìyàwó ilé ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, àwọn ọmọ wà ní lẹ́sìn, inú wa sì dùn pé kò sí ẹni tó ń fi pàṣán lé wọn nídìí ọwọ̀ mọ́. Àmọ́ kò sí ẹni tó gba ọwọ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Lówùúrọ̀ Sátidé ìmọ́tótó, gbogbo ọ̀nà á dá, oníkálukú á kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Òjò àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ á tún gbá a padà sínú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ìyà wà nídìí ìmọ́tótó. Ní báyìí, ìyà kúrò, ìmọ́tótó náà sì bá a lọ.

Àárín gbùngbùn ìlú ni Ọjà'ba. Agbègbè ibẹ̀ ni àwọn jagunjagun tó sọ Ìbàdàn di ibùdó wọn ní nǹkan bí ọdún 1829 tẹ̀dó sí, lára oyè Ìba Olúyọ̀lé sì ni ọjà náà ti gba orúkọ. Ilé àwọn olóyè yí i ká, ọ̀nà bodè sì ti ibẹ̀ tan ká gbogbo ìlú. Ìròyìn ogun ń débẹ̀, ẹjọ́ ń débẹ̀, ata àti iyọ̀ ń débẹ̀. Ogun lìlú yìí fi ń jẹun nígbà yẹn, nítorí náà ẹrú wà lára ohun tí wọ́n ń nájà nínú ọjà ìlú. Kí ẹni tó ń pọ́n ayé àtijọ́ lé rántí ẹni tí wọ́n fi okùn fà gba bodè wọlé.

Láàárín ọdún 1925 sí 1929, òyìnbó kọ́ Gbọ̀ngàn Mápó sórí òkè tó wà lókè ọjà yìí. Kápítẹ́ẹ̀nì Ross, ajẹ́lẹ̀ tó ń ṣàkóso ẹkùn Ọ̀yọ́ nígbà náà, wà nídìí rẹ̀. Jones, ẹnjiníà tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Taffy, ló kọ́ ọ, orúkọ rẹ̀ ni ọ̀nà ibẹ̀ ṣì ń jẹ́ títí dòní. Ọ̀pó ràbàtà ló gbé iwájú ilé náà ró, tó fi jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ ọjà, ńṣe lèèyàn á gbójú sókè kó tó rí i. Ilé àṣẹ lórí wa ni wọ́n fi ṣe. Àmọ́ nígbà tí Adégòkè Adélabú di alága ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn ní ọdún 1954, mẹ̀kúnnù ń wọ́ gòkè Mápó lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn lẹ́nu ẹni tó ń sọ èdè wọn. Àwọn bàbá wa ni wọ́n sọ ìtàn yìí fún wa. Wọ́n gba ilé náà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ láìfi òkò kan fọ́ ọ.

Mápó ṣì dúró. Ìjọba ti tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ara rẹ̀ sì ń dán. Ní ọdún 2022, 2024 àti 2025, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé adé lé Ọba Lekan Balógun, Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn àti Ọba Rashidi Ládọjà lórí. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ á gbé balẹ̀: aṣọ òkè, ìlù, ìbọn ọdẹ, fóònù tí gbogbo èèyàn nà sókè. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹni tó bá fẹ́ gbọ̀ngàn náà á lọ sanwó háyà, torí pé ibi ìgbéyàwó àti ìpàdé òṣèlú ló dà. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìsàlẹ̀ òkè yẹn lè dàgbà, kó bímọ, láìwọ inú rẹ̀ rí. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, àwọn ìyá tó ń tajà tẹ́ ọjà wọn sí etí títì, ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà mọ́tò, omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì ṣòro fún wọn. Àwọn bàbá wa sọ ilé ẹlòmíràn di tiwọn. Àwa fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ilé ara wa di ti ẹni tó lówó háyà.

Ilé gogoro tí à ń pè ní Láyípo náà ń bẹ ní Òkè Ààrẹ, ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn tíṣà wa máa ń kó wa lọ síbẹ̀, a á tò ní méjì-méjì, a á sì bọ́ sínú òkùnkùn, a á máa fọwọ́ tọ ògiri bí àtẹ̀gùn ṣe ń yí wa gòkè. Tí a bá yọ sókè, atẹ́gùn á kọ́kọ́ lù wá lójú, lẹ́yìn náà la á wá rí i: páànù tó ti dípẹtà, tó pọ́n rẹ̀sùrẹ̀sù, láti ẹsẹ̀ òkè títí dé ibi tí ojú kò lè dé. Olúkúlùkù á máa wá òrùlé ilé bàbá rẹ̀. A kì í rí i, nítorí ìkan náà ni gbogbo wọn. Wọ́n sọ fún wa pé ìrántí Kápítẹ́ẹ̀nì Bower ni, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, ẹni tó mú àlàáfíà wá. Wọn kò sọ fún wa pé ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, Bower kan náà ló kó ọmọ ogun lọ yìnbọn lu ìlú Ọ̀yọ́. A gòkè orí ìrántí rẹ̀, a yọ̀, a sọ̀kalẹ̀, kò sí ẹni tó béèrè ohunkóhun.

Àwọn ọmọ òde òní ń béèrè. Wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ Bower lórí fóònù, wọ́n mọ ohun tó ṣe ju bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì fẹsẹ̀ ara wọn gun Láyípo rí. Díróònù ló ń bá wọn rí ìlú: páànù pípọ́n Ìbàdàn ti di àwòrán ara aṣọ àti ara káléńdà, ó lẹ́wà, ó sì ń tà. Ẹni tó ń gbé abẹ́ páànù náà, tí òjò ń jò lé lórí, kò sí nínú àwòrán. Àwa fẹsẹ̀ mọ ìlú, a kò fọgbọ́n wádìí rẹ̀. Àwọn ń fọgbọ́n wádìí rẹ̀, wọn kò fẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kò sí ìkan nínú méjèèjì tó tó láti fi tún ìlú ṣe.

Etí odò pẹ̀lú jẹ́ ìta fún wa. Etí Kúdẹtì àti Ọ̀gùnpa ni àwọn ìyá ìyá wa ti ń fọ aṣọ, tí wọ́n ti ń parí ìjà, tí wọ́n ti ń wo ọmọ tí wọ́n á fẹ́ fún ọmọ wọn. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé láti Ẹlẹ́yẹlé, ìjọba ri ẹ̀rọ mọ́ ojú títì, kòròbà sì ń tò lọ láti àfẹ̀mọ́júmọ́. À ń jìjà ipò lórí ìlà, a sì ń tibẹ̀ mọ ọmọ ẹni tí kálukú jẹ́. Ṣùgbọ́n odò tí à ń yìn yẹn, inú rẹ̀ ni ààtàn wa ń ṣàn sí. À ń fọ̀ nínú rẹ̀, à ń mu nínú rẹ̀, inú rírun sì ń pa ọmọ ọwọ́. Ayé la sì ń fẹ̀sùn rẹ̀ kàn.

Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ọjọ́ Àìkú, Ọ̀gùnpa jáde kúrò nínú ojú rẹ̀. Àwa tó wà láyé nígbà náà kò lè gbàgbé Omíyalé. Ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún ya bo ìlú, ó sì tún pa ju ọgọ́rùn-ún lọ. A ti kọ́lé sójú omi, a ti da pàǹtí dí i lọ́nà. Láàárín àjálù méjèèjì, wọ́n fi kọnkéré há Ọ̀gùnpa mọ́. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí igba mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà àgbàrá ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ ńlá ni, ó tọ́, ó sì yẹ. Àmọ́ odò ti di kòtò tí à ń sáré kọjá. A gba ẹ̀mí wa lọ́wọ́ odò, a sì pàdánù etí odò. Ẹ̀rọ ojú títì ti gbẹ níbi púpọ̀, kànga-dẹ̀rọ ló kù, èyí tí omi rẹ̀ kì í dá sì sábà máa ń wà nínú fẹ́ǹsì ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Ọgbà Agodi wà nínú ìtàn kan náà. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, omi ọdún 1980 bà á jẹ́, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún un ṣe, tí wọ́n sì ṣí i padà ní ọdún 2014. Ó mọ́, igi wà níbẹ̀, ẹbí ń tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Ó fi hàn pé ohun tó bàjẹ́ nílùú yìí ṣeé tún ṣe. Àmọ́ owó ìwọlé ń bẹ lẹ́nu géètì, ìyá tó bá sì ní ọmọ mẹ́rin á ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó kó wọn jáde láti Ọjẹ́ lọ síbẹ̀. Èyí ló mú wa fura sí irú àtúnṣe kan. Wọ́n á tún ọjà kọ́, owó ṣọ́ọ̀bù á ga, àwọn tó ń tajà níbẹ̀ látilẹ̀ á bá ara wọn lẹ́yìn ògiri tuntun náà.

Kí ló mú àárín ìlú rẹ̀yìn? Rélùwéè dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ẹ̀yìn odi ló sì dúró sí. Owó tẹ̀lé e lọ sí Dùgbẹ̀ àti Gbági, ilé ìtajà òyìnbó tẹ̀lé owó, ìlú sì di méjì: ọ̀kan fún iṣẹ́ ajé, ọ̀kan fún ẹbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje wà lára àwọn tó la ọ̀rọ̀ yìí yé ayé. Àmọ́ rélùwéè nìkan kọ́ ló jẹ̀bi, àwa náà lọ́wọ́ sí i. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955 gbé wa nínú agboolé, ó gbé wa lọ sí yunifásítì, ó gbé wa lọ sí ọ́fíìsì. Nígbà tí a rí owó oṣù, Bódìjà la kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà Olúyọ̀lé, lẹ́yìn náà Akóbọ́. À ń padà wálé lọ́jọ́ Iléyá, lọ́jọ́ Àjíǹde, lọ́jọ́ ìsìnkú. Owó tí a bá mú wá, orí ibojì bàbá ló ń lọ, a fi táìlì tẹ́ ẹ. A fi ojúde sílẹ̀ fún àwọn arúgbó àti ayálégbé, a sì ń bínú pé wọn kò tọ́jú rẹ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe tọ́jú rẹ̀.

Ìta kì í kú nítorí pé ọ̀dà rẹ̀ ṣí. Ó máa ń kú nígbà tí kò bá sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó níbẹ̀, tàbí tí kò bá sí ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti gbá a. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ náà ní ẹni tó ń ṣe é, ẹ̀tọ́ náà ni kò kárí. Lóde òní, ẹ̀tọ́ kárí nínú ìwé òfin, iṣẹ́ náà ni kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Àtúnṣe tó bá so méjèèjì pọ̀ ni a ó gbà.

Ó ṣeé ṣe. Kí mọ́gàjí agboolé kọ̀ọ̀kan àti àwọn tó ń gbébẹ̀, títí kan ayálégbé, jọ wọn ojúde wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á tàbí kọ́lé sí i. Kí ìjọba ìbílẹ̀ gba ọkùnrin àti obìnrin àdúgbò láti máa gbá a, kí wọ́n san owó tó tó jẹun fún wọn, kí orúkọ wọn hàn lára ògiri ibẹ̀. Kí wọ́n ṣí Mápó fún aráàlú láìgba kọ́bọ̀ lọ́jọ́ tí kò bá sí ayẹyẹ. Kí ọmọ ilé ìwé gun Láyípo lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì ka gbogbo ìtàn Bower níbẹ̀, ti Ìbàdàn àti ti Ọ̀yọ́. Kí wọ́n gbin igi sí etí Ọ̀gùnpa níbi tí kọnkéré bá gbà wọ́n láyè, kí àgbà rí ibi jókòó. Kí àwọn ìyá Ọjà'ba wà nínú ìgbìmọ̀ àtúnṣe ọjà kí wọ́n tó fa ìlà kankan sórí ìwé.

Bí ìjọba bá ti ṣetán, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ Ọjà'ba, kó tó kan ọ̀dà Mápó. Kí àwa tí a ti kó jáde sì bẹ̀rẹ̀ láti ojúde bàbá wa: ká wó ṣọ́ọ̀bù tí a kọ́ síbẹ̀, ká máa dáwó oṣooṣù fún ẹni tó ń gbá a, ká sì jẹ́ kí ọmọ ayálégbé jókòó níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílé.